Ìjà Ọgbà Tí Wọ́n Fi Orúkọ Ìyàwó Mi Pè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi nílé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣe bí ọmọ tí wọ́n tọ́. Mo fún wọn lómi mu. Èyí tó ṣe bí ọ̀gá láàárín wọn yọ fóònù jáde kó lè gba ohùn mi sílẹ̀, ó ní, "Màmá, a fẹ́ kí ẹ sọ ìtàn ìjà Ìyá Ọlọ́sàn fún wa, nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ìjà ta ni?

Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ìjà Ìyá Ọlọ́sàn. Èmi tí mo ti ń ja ìjà òṣìṣẹ́ kí ìyá ọmọ yìí tó mọ ilé ọkọ! Èmi tí tajútajú ti ta lójú débi tí n kò rí ọ̀nà ilé! Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Ọlọ́sàn í ṣe fún yín. Ìyàwó mi ni. Ọkọ kan náà ló fẹ́ àwa méjèèjì, èmi ni ìyálé. Ṣìfáwù ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìyá Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹ ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìjà kan ní ìjà Ìyá Tíṣà rí, àbí ẹ gbọ́?

Mo ní kí wọ́n pa fóònù. Mo ní màá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Òun nìyí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́. Ọdún tí wọ́n ń fẹ títì tó gba iwájú ọgbà ìlú kọjá sí ìhà odò ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lórí ọ̀dà dúdú yẹn lónìí, tí ọ̀kadà yín ń fò bí ẹyẹ, ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí níbẹ̀. Eruku ni lóòrùn, ẹrẹ̀ ni lójò. Àmọ́ títì kọ́ ni ìjà wa. Ta ló máa bá títì jà? A fẹ́ títì. Ọgbà la tìtorí rẹ̀ jà.

Ẹ mọ ọgbà náà. Igi máńgòrò wà ńbẹ̀, igi fúrúùtù wà ńbẹ̀, àwọn àga sìmẹ́ńtì tó ti fẹ́ máa là wà lábẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyàwó tuntun ti ń ya fọ́tò tí wọ́n bá ti so yìgì tán, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ń gbà lọ. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, bí o bá ju abẹ́rẹ́ sókè níbẹ̀, kò ní balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ẹni tó ń béèrè ọmọ ta ni ọ́ lẹ́nu géètì.

Ní tiwa o, ọkọ wa ló jẹ́ kí ọgbà yẹn di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Alhájì là ń pè é. Telọ ni. Àwọn tó bá dàgbà díẹ̀ nínú yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló rán bùbá tí bàbá yín fi gbé ìyá yín níyàwó. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lójijì, ó mú apá òsì rẹ̀ lọ, ó mú ẹsẹ̀ òsì. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó jí, ó ń sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ òsì yẹn, ọwọ́ tó fi ń darí aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ, tó lè fọwọ́ kan aṣọ gínnísì nínú òkùnkùn kó sọ irú èyí tó jẹ́, ọwọ́ náà kò mọ nǹkan kan mọ́. O lè fún un mọ́lẹ̀, kó má mọ̀ pé o wà ńbẹ̀. Dókítà wá sọ fún wa pé, "Kó máa rìn. Lójoojúmọ́. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ yẹn á kú mọ́ ọn lára."

Níbo ni kó ti rìn l'Ẹ́dẹ? Ojú títì ni, níbi tí ọ̀kadà ti ń wá ẹni tó máa kọ lù? Agbo ilé wa ni, tó jẹ́ pé òkúta àti àkàsọ̀ ló kún ibẹ̀, tí ewúrẹ́ á tún gba abẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn kọjá? Ọgbà nìkan ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, wọ́n sì ṣe irin ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀ yí po. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, màá wẹ̀ ẹ́, màá wọ̀ ọ́ láṣọ, màá pe kẹ̀kẹ́, ó di ọgbà.

Nígbà náà, abẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ni Ṣìfáwù ti ń ta ọsàn. Ìdí abájọ tí owú fi ń jẹ mí nìyẹn, n kò sì ní fi bò. Alhájì á di irin mú, èmi á di apá rẹ̀ kejì mú, a ó jọ yí ọgbà náà po. Òógùn á bò mí. Bí a bá ti yí i tán, ọ̀dọ̀ Ṣìfáwù ni Alhájì máa kọrí sí. Ṣìfáwù á bó ọsàn fún un, bíbó tẹ́ẹ́rẹ́, tí èèpo rẹ̀ kò ní já títí yóò fi tán. Á gé e lórí, á fi lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Alhájì á mu ún, á kán sí àyà rẹ̀, Ṣìfáwù á fi etí ìborùn nù ún, àwọn méjèèjì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín? N kò mọ̀. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, èmi tí mo tì í kiri, èmi ló ń pè ní "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ kú iṣẹ́! Bí ẹni ń kí lébìrà. Òun tó bó ọsàn, òun ló ń jẹ ẹ̀rín. Ọsàn lásánlàsàn!

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Ẹ wá wò mí, mo sanra dáadáa.

Bí a ṣe jí lọ́jọ́ kan nìyí, tí a rí páànù lẹ́nu géètì ọgbà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń fẹ títì ti fi páànù gbá gbogbo iwájú ibẹ̀ yí ká, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò gọ́tà tó jìn ju orí èèyàn lọ sẹ́nu géètì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó òkúta àti irin wọn jọ sí. Mo bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i. Wọ́n ní ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Ìgbà wo ni iṣẹ́ máa parí? Wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ iwájú. Ọgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn ò bá wọ̀ mọ́, igbó ló ń dà. Igbó tó bá sì wà lẹ́bàá títì tuntun, ojú olówó kì í kúrò lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ fìnrìnfìnrìn pé àwọn kan ti ń wo ibẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, ṣebí ẹnikẹ́ni ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Ní ilé wa ńkọ́? Alhájì kò rí ibi rìn mọ́. Pálọ̀ mi ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣìfáwù ti kó ọsàn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó dé. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń gbọ́ rédíò. A jọ ń bú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Tíṣà mi" bó ṣe ń pè mí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Inú mi dùn. Ẹ má ranjú mọ́ mi o, inú mi dùn ni mo wí! Mo gbọ́ ariwo katapílà lókèèrè, ó dà bí orin létí mi.

Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó tún dé orúnkún. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde ṣe àlùwàlá, kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ilẹ̀ ti fà mí." Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ṣìfáwù wọlé wá bá mi ní ibi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ Alhájì ń wú o."

"Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"Ó tì o, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba jà. Ẹ dákun, ẹ bá wa ṣí ọgbà yẹn."

"Kí ìwọ lè ríbi ta ọsàn."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn náà wà ńbẹ̀, mà."

Ẹ wo ẹnu! Mo yí ojú sí ẹ̀wà mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣí ọgbà yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé ọkọ mi padà lọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń wú kò mọ̀ pé owú ń jẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Dìde, lọ wá bébà wá."

Mo gbé ìjà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gbé. Mo kó àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì jọ, a kọ́kọ́ lọ bá ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ èèyàn í pọ́n lé. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ó dùn mí, àmọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ ló láṣẹ." A lọ bá alága. Alága ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, agbaṣẹ́ṣe ló ni ibẹ̀ báyìí o." A padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Wọ́n ń jù wá síra wọn bí ọmọdé ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Mo ní ó dáa, a ó wọ́de.

Ẹ̀yin ọmọ, ìwọ́de yẹn kò lórí, kò nídìí. A kọ páálí, a dáṣọ dúdú bora, a kọrin dé ẹnu páànù. Mo gun orí òkúta kan pé kí n bá èrò sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́, nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí òrùlé tó ń jò lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Láyé ọjọ́un, bí mo bá la ẹnu, àwọn èèyàn á pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ yìí, bí mo ṣe la ẹnu báyìí ni katapílà náà là tiẹ̀. Gbọ̀ọ̀ọ̀! Mo pariwo, ó pariwo jù mí lọ. Òjò wá dé lé e. Páálí rọ̀, lẹ́tà ara rẹ̀ ń ṣàn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ṣìfáwù nìkan ló kù, ó ń fi abọ́ ọsàn bo orí.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Inú ń bí mi gidigidi. A wá ń lọ sílé, a gba ẹ̀gbẹ́ katapílà yẹn kọjá. Ẹ kúkú mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, bí inú ṣe lè máa bí èèyàn tó, kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ẹnu mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo kàn gbọ́ tó ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Àṣelà o."

Katapílà dákẹ́.

Ọmọ tó ń wà á bojú wolẹ̀, ó rí irun funfun mi nínú òjò. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Àmín, mà. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú òjò, mà." Mo ní, "Dìde o. Ọmọ ibo ni ọ́?" Ó ní, "Ọmọ ìlú Awo ni mí, mà. Wàsíù ni orúkọ mi." Mo ní, "Awo! Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó ní, "Wọ́n wà, mà, wọ́n ní kí n máa kí yín." Irọ́ gbáà ni, ìyá rẹ̀ kò mọ̀ mí, àmọ́ irú irọ́ tó yẹ ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹnjiníà ń lọgun láti ẹ̀yìn páànù pé kí ló dé tí katapílà ò fi ṣiṣẹ́.

Èmi ò ro nǹkan kan sí i. Mo ń bá tèmi lọ. Ṣìfáwù ló dì mí lápá lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá mi, ẹ rí i?"

"Kí ni mo rí?"

"Ẹ rí i pé ó dákẹ́?"

Ẹnu tèmi ló kí i o. Irun tèmi ló rí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Bí Ṣìfáwù tí kò ní ewú kan ṣoṣo lórí bá kí i, á jókòó sórí òkè, á juwọ́ sí i ni. Àmọ́ ojú Ṣìfáwù ló rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí dòní, mo ti ń bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe ojú tèmi.

Ó sọ èrò rẹ̀ fún mi dé ilé. Mo ní àwàdà ni. Mo ní èèyàn kì í fi "ẹ kú iṣẹ́" bá ìjọba jà. Kò bá mi jiyàn. Ó bọ́ síta, ó lọ bá àwọn ìyá alásàlátù, ó lọ bá àwọn ìyá ìjọ, ó lọ bá àwọn bàbá tó máa ń ta ayò lábẹ́ igi nínú ọgbà kí wọ́n tó tì í. Gbogbo wọn ló ti mu ọsàn rẹ̀ rí. Gbogbo wọn ló ní àwọn ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, n kò fẹ́ lọ, mo sì lọ. Ta ló fẹ́ jókòó sílé kí wọ́n máa wá ròyìn fún òun?

Àwọn àgbà Ẹdẹ ti tò sójú ọ̀nà. Kò sí páálí, kò sí orin. Wọn kò kóra jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú àlàfo láàárín, bí ẹni tó ń lọ síbi tirẹ̀. Ìyá kan á dé ẹ̀gbẹ́ katapílà, á dúró, á fara ti ọ̀pá. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o." Wàsíù á pa ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á bi í léèrè ìyá, wọ́n á bi í léèrè bàbá, wọ́n á bi í bóyá ó ti ní ìyàwó. Wọ́n á ṣàdúà fún un, ó ní láti dúró ṣe àmín. Bó bá ṣe ń gùn ún padà, tó ṣáná sí i, bàbá mìíràn á dé. "Oníṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó tún di sísọ̀ kalẹ̀. Àwọn lébìrà tó ń da kankéré náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé ṣọ́bìrì mọ́wọ́ kó máa dá àgbàlagbà lóhùn. Kankéré ń gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹnjiníà jáde. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣiṣẹ́."

Ìyá kan ní, "Kí la fi ṣe é? A kí i ni."

"Mo mọ̀, mà, àmọ́..."

"Ṣé ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ni?"

Ó yíjú sí Wàsíù. "Dúró sórí ìjókòó rẹ, kí o máa dá wọn lóhùn láti òkè."

Wàsíù wò ó bí ẹni tó ní kó jẹ ejò ọká láàyè. "Ọ̀gá, kí n jókòó lókè kí n máa dá ẹni tó bí ìyá mi lóhùn? Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ l'Áwo?"

Ẹnjiníà pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan wá lóòótọ́. Ìyá ìjọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kọjú sí i, ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìlú o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìbọn dún mọ́ ọ." Ọlọ́pàá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ṣe àmín. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ bá ẹnjiníà, ó ní, "Ọ̀gá, n kò mọ òfin tí wọ́n rú." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìyá Tíṣà, ìyàwó yín yìí gbọ́n o." Mo nu omi ojú mi, ẹ̀rín tán.

Báyìí la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ẹnjiníà bọ́ fìlà funfun orí rẹ̀, ó wá dúró láàárín wa, ó ní, "Ó tó. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ṣìfáwù. Ẹ gbọ́ mi, sọ́dọ̀ Ṣìfáwù! Òun náà wá yí tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìyálé mi ló máa sọ ọ́." Ìtìjú ò jẹ́ kí n mọ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n bínú. Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, o lè bá a jà. Ẹni tó bá gbé e fún ọ lójú ayé ńkọ́?

Mo sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní a ò ní kí wọ́n dá títì dúró. A fẹ́ kí wọ́n gé páànù sílẹ̀ lẹ́nu géètì. A fẹ́ afárá pákó tó lágbára lórí kòtò yẹn, kó ní irin ìdìmú lápá ọ̀tún lápá òsì. A fẹ́ kí katapílà kúrò lójú ọ̀nà náà láti Alásárì títí di Mọ̀gáríbì, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ọgbà lè wọ̀ ọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ó bá sì parí, kí wọ́n fi kankéré ṣe afárá gidi, kí wọ́n tún géètì ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà ní òun gbà. Mo ní kó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo àgbà gbọ́. Ó sọ ọ́ sókè. Ariwo sọ.

Àwọn oníròyìn dé. Mo tún gèlè mi ṣe. Wọ́n gba iwájú mi kọjá, wọ́n na gbohùngbohùn sí Ṣìfáwù lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú pálọ̀ èmi fúnra mi, láti inú rédíò èmi fúnra mi, ni mo ti gbọ́ ọ: "Ìyá ọlọ́sàn kan ní ìlú Ẹdẹ..." Alhájì na ọwọ́ ọ̀tún, ó mú kí rédíò náà dún sókè sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín sí rédíò. Mo dìde lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọjọ́ tí Alhájì máa kọ́kọ́ gba orí afárá pákó náà kọjá. Gbogbo àdúgbò ló tẹ̀ lé wa. Wàsíù ti pa katapílà rẹ̀, ó wá dúró sẹ́bàá ibẹ̀. Afárá náà fẹ̀ tó kí èèyàn mẹ́ta fẹ̀gbẹ́ kanra kọjá. Alhájì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó dúró. Ó wo kòtò. Ẹ̀rù bà á. Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

Ṣìfáwù ló nà án sí.

Ẹ má sọ fún mi pé apá ọ̀tún ni Ṣìfáwù kàn dúró sí. Mo ti gbọ́ ọ. Gbogbo ìdílé ló ti sọ ọ́ fún mi. Alhájì náà ti fi Ọlọ́run búra fún mi pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ọwọ́ Ṣìfáwù mú, àwọn ìka wọn wọ inú ara wọn. Èmi gbé ọwọ́ òsì tó rọ̀ jọwọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo dì í mú. A sọdá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ tí mo dì mú kò mọ̀ pé mo dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n wọn ohun tí a rí gbà àti ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó dáa. A rí ọgbà wa gbà. Títì ti parí, ọgbà ò di ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyàwó tuntun ti padà síbẹ̀, ọjọ́ kejì Iléyá ti padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ Alhájì kò wú mọ́, ó ti ń fi ọ̀pá nìkan yí ọgbà ká. Èmi ni mo pàdánù "Tíṣà mi". Láti ọjọ́ tí ọgbà ti ṣí ni mo ti padà di "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." N kò kábàámọ̀. Bí wọ́n bá tún tì í lọ́la, màá tún jà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìjà tó dáa kì í mú nǹkan lọ lọ́wọ́ ẹni tó jà á.

Ohun tó kù tí wọ́n jẹ wá: afárá kankéré tí ẹnjiníà ṣèlérí kò tíì dé. Pákó yẹn ló ṣì wà ńbẹ̀, ó sì ti ń jẹrà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín nìyẹn. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ lọ wá àwọn àgbà, kí ẹ ní kí wọ́n máa kí alága lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Kí ẹ sì wá pè mí. Ṣìfáwù ti ń ní ewú tirẹ̀ o, àmọ́ tèmi ló pọ̀ jù.

Ní tèmi, dókítà ní ọwọ́ òsì yẹn lè padà jí, bí a bá ń fi òrí ra á, tí a sì ń nà án. Láràárọ̀, kí Ṣìfáwù tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ti jókòó ti Alhájì, mo ti gbé ọwọ́ náà lé itan mi. Mò ń ra á ní ìka kọ̀ọ̀kan. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi fọwọ́ kàn án. Ṣìfáwù ti bẹ̀ mí pé kí òun gbà á ṣe lọ́jọ́ kan kí n lè sinmi. Mo ní kó lọ máa bó ọsàn rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, ó ti gbà á. Lọ́jọ́ tí èyí bá jí, tó bá kọ́kọ́ mọ ohun tó dì mú, èmi ló máa bá níbẹ̀.